Ẹsẹ̀ Mọ́tò Tó Ń Jẹ Táyà: Ohun Tí Ẹ Lè Fọwọ́ Ara Yín Ṣe Nílé

Ọ̀rọ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ síbí fún ẹ̀yin tí kíkà rọrùn fún ju gbígbọ́ lọ, àti fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí ẹ máa wò ó bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ti yọ àwọn "ẹ̀n-ẹ̀n" àti "ṣé ẹ rí i" mi kúrò. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ṣá.

Olùgbọ́ wa kan ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní láàárín ọdún kan, òun ti ra táyà iwájú lẹ́ẹ̀mejì, òun sì ti ṣe aláínmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mẹta. Bí òun bá ti ṣe é tán, ọkọ̀ náà á tọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sápá òsì, etí inú táyà á sì máa jẹ títí wáyà á fi yọjú. Ó wá béèrè pé: ṣé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe aláínmẹ́ńtì yẹn ni kò dáa ni, àbí àwọn tó ń lò ó?

Ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà náà dáa, kí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó sì mọ́. Aláínmẹ́ńtì kì í tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe, ó kàn ń to ohun tó wà nílẹ̀ ni. Tí ohun tó wà nílẹ̀ bá ti ń mì, títò rẹ̀ kò lè pẹ́, bí ìgbà téèyàn to ìkòkò sórí ààrò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Owó aláínmẹ́ńtì mẹ́ta pẹ̀lú owó táyà mẹ́rin ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí rọ́bà kékeré kan ní abẹ́ ọkọ̀ ló fa gbogbo ẹ̀. Mo máa dé orí rọ́bà yẹn láìpẹ́.

Ọkọ̀ tí mo máa fi ṣàpẹẹrẹ ni Toyota Corolla tó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2008. Òun ni mo ń wà, òun náà ló sì kún títì Ìbàdàn níbí. Tí tiyín bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ẹ máa rí ìyàtọ̀ níbí àti níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n iṣẹ́ náà kan náà ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ iwájú ọkọ̀, lẹ́yìn táyà. Irin gbọọrọ tó dúró ṣánṣán, tí sípíríǹgì wé mọ́ lórí, ni ṣọ́ọ̀kì. Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Earle MacPherson ló ronú bí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ṣe lè di ẹyọ kan tó ń gbé táyà dúró. Ford Consul ti 1950 lò ó, orúkọ ọkùnrin náà ni wọ́n sì ṣì fi ń pè é títí dòní. Irin pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ ni lówà áàmù. Níbi tó ti so mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà méjì wà níbẹ̀ tí à ń pè ní búṣìn. Níbi tó ti di táyà mú, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ló wà níbẹ̀, irin roboto kan tó jókòó nínú ihò tirẹ̀ bí eegun itan ṣe jókòó nínú ìbàdí. Táì rọ́ọ̀dù ni ọ̀pá tó ti ara ráàkì sítíárìn wá, tó ń ti táyà tó sì ń fà á nígbà tí ẹ bá ń kọ́ọ̀nù. Ọ̀pá kékeré tó so irin sitabiláísà mọ́ ṣọ́ọ̀kì ni línkéèjì.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Irin kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò sì sí nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè yí láti tò ó. Nítorí náà, tí wọ́n bá gba owó aláínmẹ́ńtì ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ yín lórí Corolla yìí, ẹ rọra bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n yí lẹ́yìn. Wọ́n lè wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Yíyí ni kò sí.

Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Gbígba ohùn sílẹ̀ ni mo fi ń jẹun, mo sì ní àwọn máíkì kéékèèké tí a máa ń fi há ẹ̀wù ẹni tí a bá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo fi aṣọ wé méjì, mo so ọ̀kan mọ́ abẹ́ ọkọ̀ lápá òsì, ìkejì lápá ọ̀tún, níbi tí kò ti lè kan táyà tàbí ohunkóhun tó ń yí. Mo wá rọra wa ọkọ̀ kọjá lórí bọ́ǹpù àdúgbò wa. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ètò náà ti gbọ́ ìró rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bó ṣe dún rèé: ní apá òsì, kọ́-kọ́-kọ́-kọ́, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, pàápàá lórí ojú ọ̀nà tó rí págunpàgun. Línkéèjì ló sábà máa ń dún báyẹn. Tí ó bá jẹ́ gbù kan ṣoṣo, tó wúwo, nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, búṣìn lówà áàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tí ó bá ń hàn kẹ̀ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, tí ẹ bá ń yí sítíárìn níbi tí ọkọ̀ dúró sí, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tí gíríìsì inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ kò nílò máíkì. Fóònù tí ẹ fi aṣọ dì dáadáa tó. Àǹfààní máíkì méjì ni pé ó ń sọ apá tí ìró náà ti wá, nítorí etí èèyàn tó jókòó nínú ọkọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ.

Ìró nìkan kò tó ṣá. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ mì í.

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, ẹ jẹ́ ká sọ èyí kó yé wa. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀, kò wà fún dídá ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ ra ẹsẹ̀ irin méjì tí a ń pè ní jáàkì sitáńdì, ẹ gbé ọkọ̀ lé e lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fa háńbíréèkì, kí ẹ sì ju táyà tí ẹ bá yọ sábẹ́ ọkọ̀ náà. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé kì í ṣe ohun tí à ń gbé ọkọ̀ lé. Ihò wà nínú rẹ̀, ó sì lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìkìlọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí àwọn tó ń lò ó. Èmi náà ti rí wọn.

Ó dáa. Táyà ti kúrò nílẹ̀. Ẹ di orí rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ máa tì í, ẹ máa fà á. Tí ó bá mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bẹ́ríǹ táyà ni. Ẹ wá di ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ẹ ṣe bákan náà. Tí ó bá mì lọ́nà yìí nìkan, táì rọ́ọ̀dù ni, yálà orí rẹ̀ tó wà níta tàbí èyí tó wà nínú ráàkì. Fún búṣìn, ẹ ti igi tàbí irin gbọọrọ kan bọ àárín lówà áàmù àti ara ọkọ̀, kí ẹ fi rọra gbún un, kí ẹ máa wo rọ́bà náà. Rọ́bà tó dáa á fà díẹ̀, á sì padà sáyè rẹ̀. Èyí tó ti ya, ẹ máa rí ojú yíya náà kedere, irin á sì máa rìn nínú rẹ̀.

Rọ́bà tí mo ní mo máa dé orí rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí búṣìn bá ti ya, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, lówà áàmù á sún sẹ́yìn, iwájú táyà á sì ṣí síta. Táyà tó kọjú síta á máa fi etí inú rẹ̀ gbo títì. Lórí ẹ̀rọ aláínmẹ́ńtì, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó ń tẹ bíréèkì, gbogbo nọ́ńbà á sì dáa. Ẹ dé títì, ó ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n wa tó fi ohùn ránṣẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ní pàtàkì lápá òsì. Tí búṣìn bá dáa, ẹ pààrọ̀ táyà iwájú òsì sí ọ̀tún. Tí ọkọ̀ náà bá wá ń fà sọ́tùn-ún, táyà ló ń fà á. Tí ó bá ṣì ń fà sósì, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sún ọwọ́ mọ́ ríìmù méjèèjì láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì lọ dáadáa, bíréèkì rẹ̀ ni kò tú sílẹ̀. Títì wa máa ń dà sápá ọ̀tún kí omi lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó bá rọra ń lọ sọ́tùn-ún díẹ̀ kò ṣàìsàn. Èyí tó ń gòkè lọ sósì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, línkéèjì ló rọrùn jù láti pààrọ̀ nílé. Nọ́ọ̀tì méjì ni. Orí táì rọ́ọ̀dù ló tẹ̀ lé e: kí ẹ tó tú u, ẹ fi téèpù wọn bó ṣe gùn tó, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó yí kó tó jáde, kí tuntun lè wọlé síbi kan náà. Lówà áàmù gba agbára díẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ má ṣe fi òòlù lu ẹnu bóòtì rẹ̀, ẹ ó ba eyín rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ irin tó di bóòtì náà mú ni kí ẹ lù, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú agbára. Á jábọ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn èèyàn púpọ̀ máa ń fo ohun kan. Ẹ má ṣe de nọ́ọ̀tì búṣìn le nígbà tí táyà bá ṣì ń rọ̀ lófuurufú. Ẹ dè é díẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ jókòó lórí táyà, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá dè é pa. Tí ẹ bá dè é lófuurufú, bí ọkọ̀ bá ti kúnlẹ̀, rọ́bà náà á lọ́, á sì máa wà ní lílọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó lè máà lò ju oṣù díẹ̀ lọ. Ẹ ó wá máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ ilé wa láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo bi léèrè nípa tòkunbọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ra lówà áàmù tòkunbọ̀ ní Gate, àbí tuntun?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, irin lo fẹ́ rà ni, àbí rọ́bà? Tó bá jẹ́ irin, ra tòkunbọ̀. Rọ́bà tó ti darúgbó lókè òkun, ṣé o rò pé á di ọ̀dọ́ tó bá dé Ìbàdàn?" Èmi fara mọ́ ọn. Irin lówà áàmù tòkunbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó, pẹ̀lú búṣìn tuntun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, sàn lójú mi ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ.

Ohun kan wà tí mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni nílé: yíyọ sípíríǹgì kúrò lára ṣọ́ọ̀kì. Igun ọkọ̀ kan wúwo ju 300 kílò lọ, sípíríǹgì yẹn ló sì ń gbé e. Tí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì fún un pọ̀ dáadáa, á fò bí ọta ìbọn. Àwọn irin ìfúnpọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń yọ̀. Tí ṣọ́ọ̀kì yín bá ti ń ṣòróró, ẹ tú gbogbo rẹ̀ pátá bó ṣe wà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta lókè, bóòtì méjì nísàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ ti fi owó iṣẹ́ tó pọ̀ jù pamọ́ bẹ́ẹ̀. Bóòtì méjì ìsàlẹ̀ yẹn máa ń sún aláínmẹ́ńtì, nítorí náà ẹ fi kíkùn fa ìlà sí ibi tí wọ́n jókòó sí kí ẹ tó tú wọn.

Ká wá bọ́ sórí aláínmẹ́ńtì fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ máa rí lórí bébà tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín: camber, caster àti toe. Camber ni bí táyà ṣe fẹ̀gbẹ́ sínú tàbí síta tí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ní K-leg. Caster ni bí ìdúró ṣọ́ọ̀kì ṣe fẹ̀yìn díẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́ọ̀nù. Toe ni bí àtàmpàkò ẹsẹ̀ ṣe kọjú síra wọn tàbí kọ̀yìn síra wọn. Lórí Corolla yìí, caster kò ṣeé yí. Camber gba bóòtì àkànṣe tó tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Toe nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ó sì dùn mọ́ni pé òun ló ń jẹ táyà kíákíá jù.

Ohun tí ẹ nílò ni okùn tí àwọn bíríkìlà fi ń tọ́ ògiri, irin mẹ́rin tàbí àga mẹ́rin tí ẹ máa so ó mọ́, rúlà irin tó ní mìlímítà, àti sípánà. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tí bébà ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ sọ, ẹ kó ẹrù inú búùtù kúrò, ẹ tọ́ sítíárìn sáàárín kí ẹ sì fi okùn dè é kó má yí. Ẹ wá na okùn kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀, kó ga tó àárín táyà, kó má fara kan ohunkóhun.

Ṣíṣe okùn náà lọ́gbọọgba ló ń gba àkókò. Láti okùn dé àárín táyà iwájú òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti iwájú ọ̀tún. Ti ẹ̀yìn òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn ọ̀tún. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ní dọ́gba síra wọn, nítorí pé táyà ẹ̀yìn kò jìnnà síra wọn tó ti iwájú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí àyè àárín okùn méjèèjì jẹ́ iye kan náà níwájú ọkọ̀ àti lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ fi sùúrù sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ lè gba wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn láti okùn dé etí ríìmù, níwájú àti lẹ́yìn táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Ká ní lápá òsì ẹ rí 182 mìlímítà níwájú ríìmù, 180 lẹ́yìn ríìmù. Iwájú jìnnà sí okùn ju ẹ̀yìn lọ, ìyẹn ni pé táyà náà kọjú sínú pẹ̀lú mìlímítà 2. Ká ní lápá ọ̀tún ẹ rí 179 níwájú, 182 lẹ́yìn. Ìyẹn kọjú síta pẹ̀lú mìlímítà 3. Ohun tí mo máa ń wá ni òdo sí mìlímítà 1 sínú fún táyà kọ̀ọ̀kan, kí méjèèjì jọra. Lórí ríìmù 15 bíi tèmi, mìlímítà kan kò ju bíi 0.15 dígírì lọ, nítorí náà ojú gbọ́dọ̀ mú. Tí ihò títì bá ti tẹ ríìmù yín, ẹ sún ọkọ̀ síwájú kí táyà yí ìlàjì, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì mú ìdajì àpapọ̀ rẹ̀.

Láti tún un ṣe, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó de orí táì rọ́ọ̀dù, ẹ tú wáyà kékeré tó di rọ́bà ráàkì mú kí rọ́bà náà má bàa lọ́, kí ẹ wá fi sípánà yí ọ̀pá inú. Lórí Corolla yìí, ráàkì wà lẹ́yìn ìlà táyà. Bí ọ̀pá bá gùn sí i, ẹ̀yìn táyà á sún síta, iwájú á sì wọlé. Bí ó bá kúrú, òdì kejì ni. Ìdámẹ́rin ìyípo tó fún ẹ̀ẹ̀kan. Táyà tó dúró lórí sìmẹ́ńtì kì í fẹ́ sún, nítorí náà mo máa ń fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gíríìsì láàárín wọn. Ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ yí i, ẹ mi ọkọ̀ sókè sódò díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún ṣe é títí á fi jókòó.

Tí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà lójú títì ṣùgbọ́n tí sítíárìn wọ́, toe àpapọ̀ dáa, ṣe ni apá kan gùn ju ìkejì lọ. Ẹ dín ọ̀kan, ẹ fi iye kan náà kún ìkejì.

Ṣé okùn wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà? Rárá. Okùn kò lè sọ caster fún yín, camber náà sì nílò nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn tí mo bá pààrọ̀ lówà áàmù, mo ṣì máa ń sanwó ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ bébà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n tún tẹ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, mo mọ̀ pé okùn mi tọ́. Iṣẹ́ okùn ni pé táyà yín kò ní jẹ kí ẹ tó débẹ̀, àti pé ẹ ó mọ ohun tí wọ́n ń bá yín sọ tí ẹ bá débẹ̀.

Nọ́ọ̀tì táyà Corolla yìí gba 103 Nm. Ẹ yá sípánà tó ń sọ agbára tí ẹ fi dè é, tí ẹ kò bá ní. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn bí 100 kìlómítà, àtàwọn nọ́ọ̀tì lówà áàmù àti táì rọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Bí èmi ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń fi kúkùtẹ́ẹ̀sì pupa fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó jókòó lé. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìlà náà ti pín sí méjì, nọ́ọ̀tì ti yí, mi ò sì ní wa ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ yẹn.

Bíréèkì la máa fi ṣe ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa fi ohùn yín ránṣẹ́, kí ẹ sì gba ìró ọkọ̀ yín sílẹ̀ mọ́ ọn tí ẹ bá lè ṣe é.